Ìbọn ion lórí Alq3: ẹ ka iye mólékù tó wà fún ion kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ń fi ooru gbé Alq3 (mólékù onálúmíníọ́mù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé nínú OLED) sórí gíláàsì nínú fákúùmù, 0.1 nm ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń yin ion ágọ́nì lù ú ní 300 eV (agbára ion kọ̀ọ̀kan) àti 1 µA/cm² (bí ion ṣe ń dé tó) kí fíìmù náà lè kì. Ó wá di búráùn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé rẹ̀ sì kú.

Fólítéèjì nìkan kọ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìkì Alq3 tó nǹkan bí 1.3 g/cm³, ìwọ̀n mólékù rẹ̀ sì jẹ́ 459. Nítorí náà, ní 0.1 nm, mólékù bí 1.7 × 10¹³ ló ń bọ́ sórí cm² kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1 µA/cm² tiyín jẹ́ ion 6.2 × 10¹². Mólékù mẹ́ta kò tíì pé tí ion kan fi dé bá wọn! Ẹ sọ ọ́ di 50 nA/cm² àti 100 eV: ion kan á wá bá mólékù bí 55. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìdè C–H kò pé 5 eV, ìdè tó so mólékù kan mọ́ èkejì sì rọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ágọ́nì 300 eV tó bá kọ lu kábọ́ọ̀nù ní ojúkojú lè kó bí 213 eV fún un. Háídírójìn á fò lọ, àwọn kábọ́ọ̀nù tó kù á so mọ́ra wọn, iná á sì máa jò gba ibẹ̀ kọjá. Ìdè tó ṣí sílẹ̀ á gba ọ́síjìn àti omi lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí àpótí fákúùmù. Ẹ má sì sá lọ bá híílíọ́mù nítorí pé ó fúyẹ́: ágọ́nì kò lè fún háídírójìn ju bí ìdá mẹ́wàá agbára rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n híílíọ́mù lè fún un ní 64 nínú 100, ó sì tún ń wọlé jìnnà jù.

Ibi tí ìwọ̀n ti máa ń tàn wá jẹ gan-an nìyí. Ẹ gbé ife Faraday (ife irin tí a fi ń ka iye ion tó ń dé) sí ojú ibi tí gíláàsì máa wà, kí ẹ fi -30 V sí òrùka ẹnu rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń ta jáde á jẹ́ kí iye ion dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ má jẹ́ kí gáàsì kọjá 10⁻⁴ mbar púpọ̀. Níbẹ̀, átọ̀mù ágọ́nì lè rin bí 60 cm kó tó kọ lu òmíràn. Ní 10⁻³, bí 6 cm péré ni. Ion tó bá kọ lu gáàsì lè pàdánù iná mànàmáná ara rẹ̀ síbẹ̀ kó máa sáré lọ. Ife kò ní rí i, fíìmù á rí i.

Ẹ fi irin bo kírísítà kúọ́tìsì (èyí tó ń wọn bí Alq3 ṣe ń bọ́) lójú ìbọn, torí ion ń họ ọ́, ẹ ó sì máa rò pé Alq3 ń dínkù, ẹ ó wá máa fi ooru kún un. Fíìmù náà kì í gbé iná mànàmáná dáadáa, iná tí ion ń gbé wá á sì máa kó jọ sórí rẹ̀, nítorí náà ó nílò fílámẹ́ǹtì (okùn irin gbígbóná) tó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti pa á, àmọ́ kí gíláàsì má máa wo fílámẹ́ǹtì ọ̀hún lójú: ooru àti tungsten ló ń bá a wá. Ion fúnra rẹ̀ kò gbé ju 5 µW/cm² wá, ẹ má dá a lẹ́bi ooru.

Ẹ jẹ́ kí 5 nm àkọ́kọ́ bọ́ láìsí ion, kí NPB (ìpele mìíràn nínú OLED), bó bá wà lábẹ́, má bàa fara gbá a. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ìbọn títí dé 60 nm. Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn kí ó ṣíji bo ìdajì gíláàsì. Ìgun tí Alq3 ń gbà wá yàtọ̀, yóò dé ìhà méjèèjì.

Ẹ tan iná 365 nm sí i: ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ́ bákan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ kán kulọrofọ́ọ̀mù sí i. Alq3 tó yè á yọ́ tán. Èyí tí ion ti bà jẹ́ á ṣẹ́ awọ búráùn kù. Bí awọ bá kù, ẹ dín nA sí ìdajì, ẹ má tíì fọwọ́ kan 100 eV.