Èsì: Táyà ẹrẹ̀ fún Hilux tó ń lọ oko kòkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá M/T (mud-terrain, táyà ẹrẹ̀) tàbí A/T (all-terrain, táyà oríṣiríṣi ọ̀nà) ló yẹ Hilux tí ẹ fi ń kó kòkó láti oko Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́ nígbà òjò. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀dà ni ẹ ń rìn jù, A/T ni mo fara mọ́, nítorí pé M/T máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ó máa ń tètè gbó, kì í sì í di ọ̀dà tó tutù mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ amọ̀ bá ń dá yín dúró lemọ́lemọ́, ẹ ra M/T, torí pé àlàfo ńlá tó wà láàárín eyín rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ fò dànù bí táyà ṣe ń yí; táyà tí ẹrẹ̀ bá ti dí eyín rẹ̀ pa kò yàtọ̀ sí èyí tó ti dán.

Ẹ jọ̀wọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà DOT, ìyẹn ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ga, tí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń sán, ẹ má rà á.