Ṣé Ọwọ́ Muhammad Ali Nìyí Lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan fẹ́ ta fọ́tò Muhammad Ali àti Sonny Liston fún mi. Wọ́n fi máákà dúdú kọ “Muhammad Ali” sí i lára. Ó ní alẹ́ ọjọ́ tí Ali na Liston nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Miami gan-an ló buwọ́ lù ú, ó sì ní ìwé ẹ̀rí. Ṣé kí n rà á? – Òǹkàwé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1964 ni wọ́n ja ìjà yẹn, Cassius Clay ló sì ń jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni Elijah Muhammad, aṣáájú ẹgbẹ́ Nation of Islam, tó sọ ọ́ ní Muhammad Ali. Irọ́ ni ìtàn òǹtajà yẹn. Àmọ́ ìtàn lè jẹ́ irọ́ kí ìbuwọ́lù jẹ́ òótọ́; ó lè jẹ́ ogún ọdún lẹ́yìn ìjà ló kọ ọ́.

Ẹ yá awò oníṣẹ́ aago, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí lẹ́tà orúkọ náà bá jẹ́ àmì tótòtó kéékèèké, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ yí fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ iná: tàdáwà máákà máa ń dúró lókè fọ́tò, dídán rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ẹ wá wo bí ọwọ́ ṣe rìn. Ẹni tó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ láìmọye ìgbà kì í ronú sí i. Ìlà á sáré, ìparí rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Ẹni tó ń ṣe àdàkọ á rọra fà á, tàdáwà á kún síbi tó ti dúró ronú. Ti Ali tún wá le díẹ̀: àrùn Parkinson, tí wọ́n rí lára rẹ̀ ní 1984, mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ìlà tó ń gbọ̀n kò burú bó bá jẹ́ ti 1995. Bí wọ́n bá ní ti 1970 ni, ẹ sá. Ìbuwọ́lù ọdún kan náà ni kí ẹ fi wé e, ó kéré tán mẹ́wàá.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́. Nínú ayédèrú tí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kó nígbà Operation Bullpen, ìwádìí wọn lórí ìbuwọ́lù ayédèrú, bọ́ọ̀lù baseball kan wà tí wọ́n buwọ́ Mother Teresa lù! Ti PSA/DNA, JSA tàbí Beckett, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò, ní nọ́ńbà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ sórí ìkànnì wọn, kì í ṣe líǹkì tí òǹtajà fi ránṣẹ́, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Bí àwòrán bá jáde, ẹ wo ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbà kọjá lára Ali àti Liston, kí ẹ fi wé ti ọwọ́ yín, torí àwọn oníjìbìtì máa ń da nọ́ńbà gidi kọ sára ayédèrú.