Owó tó wà nínú rọ́bà: ìdáhùn fún ọmọ wa kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Àkúrẹ́

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù aleikum, Ààfáà wa. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, àwa kan sì wà tí a máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní gbogbo Sátidé lápá Alágbàka. Lóṣù tó kọjá a ṣe ìdíje. Àwa mẹ́rìndínlógún la forúkọ sílẹ̀, oníkálukú san ₦2,000. Ẹni kìíní gba ₦23,000, ẹni kejì gba ₦9,000. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní, mo sì fẹ́ fi owó náà ra fọ́ọ̀mù JAMB. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, arákùnrin kan já wọ àárín wa, ó da pátákó nù, ó ní kèfèrí ni gbogbo wa, pé Ànábì ti ṣépè fún ẹni tó bá ta ṣẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan nínú wa ní irọ́ ló ń pa, pé eré ọpọlọ lásán ni, Sáúdí pàápàá ti gbàlejò rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èèwọ̀ ni? Kí ni kí n sì ṣe sí owó tó wà lọ́wọ́ mi?

ÌDÁHÙN: Wàaleikumu sàláàmù, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dojú kọ ẹni tó da pátákó yín nù, nítorí tirẹ̀ ló ń bí mi nínú jù. Ta ló kọ́ ọ pé Mùsùlùmí tó ta ayò ti di kèfèrí? Ká tilẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ẹ̀ṣẹ̀ kì í yọ Mùsùlùmí kúrò nínú ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́ àwọn Kàwáríjì nìyẹn, ìjọ kan láyé àtijọ́ tó máa ń pe Mùsùlùmí ẹlẹ́ṣẹ̀ ní kèfèrí, àwọn gan-an ni wọ́n fi irú ẹnu yẹn pa Sẹ́yídínà Alíyù, àna Ànábì. Ọmọ tí kò tíì ka ìwé kan délẹ̀ níwájú ààfáà kan, fóònù ló fi ń kéwú, ó wá di adájọ́ láàárín ìgboro. Tí ọmọ ayò kan bá sì sọnù níbi tó ti da pátákó yẹn nù, gbèsè ni lọ́rùn rẹ̀, kó lọ rà á padà fún ẹni tó ni ín.

Hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tó ní ó ṣépè fún ẹni tó ta ṣẹ́ẹ̀sì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ hàdíìsì ti sọ ọ́ pé kò sí ọ̀kan tó dáni lójú láti ẹnu Ọ̀jíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó dárúkọ ṣátáráńjì, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pe ṣẹ́ẹ̀sì. Kò sì yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ Páṣíà ni àwọn Mùsùlùmí ti bá eré yẹn pàdé, lẹ́yìn tí Ànábì ti papòdà lọ́dún 632. Èyí tó dáni lójú, tó wà nínú ìwé hàdíìsì tí Ìmáàmù Muslim kó jọ, náádì ló bá wí: pé ẹni tó bá ta á dà bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Náádì sì ni ayò tí wọ́n ń da dáìsì sí, ìbátan lúdò tí ẹ máa ń ta ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ ò rí ẹnikẹ́ni kó wá da lúdò nù.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní “eré ọpọlọ lásán ni” má tíì rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀nà Ìmáàmù Máàlíkì ni àwọn bàbá wa fi kọ́ wa ní ẹ̀sìn, òun náà lèmi ń tọ̀. Yahya, ọmọ ilé kéwú rẹ̀ tó gba Muwatta, ìwé Máàlíkì, lẹ́nu rẹ̀, ní òun gbọ́ tí Máàlíkì ń sọ pé kò sí oore nínú ṣátáráńjì. Ó kórìíra kéèyàn máa ta á, òun àti àwọn eré asán yòókù, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nínú Súrà Yúnúsà, 10:32: “Kí ló tún kù lẹ́yìn òdodo bí kò ṣe ìṣìnà?” Ìmáàmù Ṣáfíì ní màkírúù ni, ìyẹn ohun tí kò dára kéèyàn ṣe, àmọ́ tí kì í ṣe èèwọ̀. Àwọn tó ń tọ ojú ọ̀nà Hànáfì àti ti Hàńbálì fà á le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún máa ń gbé ọ̀rọ̀ Sẹ́yídínà Alíyù kalẹ̀, pé ó kọjá lára àwọn tó ń ta á, ó ní kí ni àwọn ère wọ̀nyí tí wọ́n gúnlẹ̀ tì, àmọ́ àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ọ̀nà tí ìtàn yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ọ pé ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní gbé “Máàlíkì kórìíra rẹ̀” kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ di “Ọlọ́hun ṣe é léèwọ̀”. Ti Sáúdí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́nu bà ńkọ́? Lọ́dún 2016 ni ọ̀rọ̀ Mùfútì Àgbà wọn, olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ibẹ̀, tàn káyé, pé èèwọ̀ ni ṣẹ́ẹ̀sì. Ní ìparí ọdún 2017, wọ́n ta ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé ní Riyadh, olú ìlú wọn. Ìjọba ń ṣe tìjọba, mùfútì ń sọ tirẹ̀. Èwo ni ká wá mú ṣe ẹ̀rí níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an ni mò ń bọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó bá yín débẹ̀, àti ẹni tó bú yín àti ẹni tó gbè yín.

Mo ti wá wò yín rí, o lè má rí mi. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí. Mo rí ọmọkùnrin kékeré kan tó ń ta pẹ̀lú ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbá rẹ̀. Erin kan ti sọnù nínú ọmọ ayò wọn, ìdérí ìgò mínírà ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọmọ náà sì ń fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni pé erin gidi ni. (Erin ni àwọn Lárúbáwá ń pe ọmọ ayò yẹn, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù.) Inú mi dùn sí i, mi ò purọ́. Àfi ìgbà tí mo wo ẹsẹ̀ tábìlì tí mo rí rọ́bà áísìkíríìmù funfun kan, owó kún inú rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí wà lórí rẹ̀. Mo bi ẹni tó jókòó tì í pé owó kí nìyẹn. Ó ní owó tí àwọn tó bá borí máa pín ni.

Ọmọ mi, tẹ́tẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀sì ló sọ ọ́ di tẹ́tẹ́. Bí ẹ bá sáré, bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù, bí ẹ bá ta ayò ọlọ́pọ́n, tí oníkálukú bá fi owó sílẹ̀ kí ẹni tó borí lè kó ti ẹni tó fìdí rẹmi, orúkọ kan náà ló ń jẹ́. Nínú Súrà Màídà, 5:90 àti 91, Ọlọ́hun dárúkọ tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, Ó sì sọ ìdí rẹ̀: Èṣù fẹ́ dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín yín, ó fẹ́ ṣẹ́ yín lórí kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Àwọn tó ń ta á lè sọ pé ọpọlọ làwọn fi borí, kì í ṣe oríire. Kò yí i padà. Hàdíìsì Abú Huráírà, tó wà nínú ìwé hàdíìsì Abú Dáúdà àti ti Tírímísì, kò fi àyè sílẹ̀ fún owó ìdíje àfi nínú mẹ́ta: ràkúnmí, ẹṣin àti ọfà. Ẹ má sọ fún mi pé ẹṣin wà lórí pátákó yín.

Tí owó ìforúkọsílẹ̀ bá jẹ́ láti fi san owó gbọ̀ngàn, àga, omi mímu àti wàhálà ẹni tó ń ṣe adájọ́, kò sí ìjà níbẹ̀, owó iṣẹ́ ni. Tí aláàánú kan tí kò sí lára àwọn tó ń ta á bá gbé ife tàbí owó kalẹ̀ fún ẹni tó borí, àwọn onímọ̀ òde òní kan gbà á láyè. Èmi kì í gbà á fún ọmọ inú ilé mi, torí hàdíìsì tí mo kà lókè yìí, àmọ́ mi ò ní pè é ní tẹ́tẹ́. Ohun tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ni pé owó ẹni tó fìdí rẹmi ló wà lápò ẹni tó borí.

Ó wá kan owó ọwọ́ rẹ. ₦2,000 nínú rẹ̀, tìrẹ ni, mú un. ₦21,000 tó kù ní olówó, o sì mọ̀ wọ́n. Kì í ṣe èyí tí wàá kó sínú àpótí sàráà nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè. Àwọn mẹ́rìnlá ni kò rí nǹkan gbà: ₦1,500 ló kàn wọ́n lọ́dọ̀ rẹ. Ẹni kejì náà jẹ wọ́n ní ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ₦7,000 tó lé lórí tirẹ̀. Bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Tí kò bá gbọ́, ti ọrùn rẹ ni kí o bọ́. Tí ẹnì kan bá ní òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ tinútinú, lẹ́yìn tí o ti kó o lé e lọ́wọ́, jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìrun ò gùn. Aago tí ẹ fi ń ka àsìkò ayò yín kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìrun Alàásárì náà kì í dúró. Kí ẹ tó so èèyàn pọ̀ fún abala tó máa bọ́ sí àsìkò yẹn, ẹ sọ fún adájọ́ yín. Tí kò bá gbà, jẹ́ kí wọ́n kọ òfo sí ọ lára, kí o dìde. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wá láti ìlú Òǹdó tí ẹ ń dín ìrun kù l'Àkúrẹ́, ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà yẹn ò tó ìrìn àjò lójú Máàlíkì.

Mo tún gbọ́ pé àwọn ààfáà kan ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n ń fọ hàńtú fún wọn mu, wọ́n ń rán tírà sápò wọn, kí wọ́n lè borí. Ẹ̀yin ààfáà wọ̀nyẹn, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ fi Kùránì ṣe àdádáálẹ̀, ẹ tún lọ fi tì tẹ́tẹ́ lẹ́yìn.

Ti fọ́ọ̀mù JAMB, má jẹ́ kó dá ọ lọ́wọ́ dúró. Pín owó yẹn kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kí o wá bá mi lẹ́yìn ìrun. Àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba máa ń dá owó fún irú nǹkan báyìí, mo sì ti ń bá wọn sọ ọ́.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.