Ta ló ń sanwó ìtọ́jú ọgbà etí omi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí ìjọba bá ṣe ọgbà ìgbafẹ́ sétí omi tán, ta ni yóò máa sanwó ìtọ́jú rẹ̀, ṣé ẹnu ará àdúgbò sì tólẹ̀ níbẹ̀? Ẹ wo Brooklyn Bridge Park, ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣe sórí èbúté ẹrù àtijọ́ ní New York.

Nígbà tí iṣẹ́ ẹrù dópin ní èbúté yẹn, àwọn aláṣẹ fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún àwọn akọ́lé. Ará àdúgbò yarí kanlẹ̀. Wọ́n ṣèpàdé títí, wọ́n sì fi ìlànà mẹ́tàlá lélẹ̀ ní 1992. Ní 2002, gómìnà àti olórí ìlú tọwọ́ bọ̀wé: ó kéré tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbà, kí ọgbà náà sì máa bọ́ ara rẹ̀. Owó ìjọba ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, àmọ́ owó tó ń wọlé láti ara àwọn ilé gbígbé àti òtẹ́ẹ̀lì etí rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe koríko ló ń jẹ owó o, òpó igi abẹ́ omi tó gbé àwọn èbúté náà dúró ni. Kòkòrò inú omi ń gbẹ́ ẹ láti inú. Ẹ ó rò pé ó le, inú ti dà bí afárá oyin. Ìgbà tí omi odò mọ́ sí i ni àwọn kòkòrò náà tún pọ̀ sí i! Ṣe ni wọ́n ń bo àwọn òpó náà kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n.

Ìjà kò tán ṣá. Ọ̀rọ̀ ilé gíga ti Pier 6, ọ̀kan lára àwọn èbúté inú ọgbà náà, dé kóòtù, àwọn ará àdúgbò sì pàdánù. Lójú tèmi, ìwé 2002 yẹn ló gba ìyókù ilẹ̀ náà là.