Ṣé àgbàlagbà lè fi wáyà to eyín rẹ̀?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àlfáà. Ẹni ọdún 36 ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-kéú. Láti kékeré ni eyín ìsàlẹ̀ mi ti gorí ara wọn, méjì nínú ti òkè sì yọ síta. Oúnjẹ máa ń há sí i, orín kì í dé ibẹ̀, ẹran ìdí eyín mi sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà eyín ní kí n wá de wáyà fún nǹkan bí ọdún 2. Àbúrò ọkọ mi ní mo fẹ́ yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà, pé Ànábì ṣẹ́bi lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀, àti pé kí ni àgbàlagbà tún fẹ́ fi eyín tító ṣe. Àlùwàlá àti ààwẹ̀ mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah.

Àbúrò ọkọ yín gbọ́ hádíìsì kan, àmọ́ kò gbọ́ ọ tán. Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim: Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé àwọn obìnrin tó ń fín ara, àwọn tó ń fa irun ojú tu, àti àwọn tó ń la àárín eyín wọn nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Irin ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀gbẹ́ eyín kí àlàfo lè wà níbẹ̀, kí ìyá àgbà lè dà bí ọmọge. Ọmọ Yorùbá ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ èyí fún un: èéjí ni. Ẹni tí Ọlọ́hun dá èéjí mọ́ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sanwó kí wọ́n la èéjí sí òun lẹ́nu ni hádíìsì ń bá wí. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé a kì í rántí hádíìsì yìí nígbà tá a bá ń ki eléèéjí níbi ìyàwó, àfi ìgbà tí ẹni tí eyín ń dùn bá fẹ́ gba ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ náà, “nítorí ẹwà”, ni gbogbo ìdájọ́ rọ̀ mọ́. Nínú èyí tí Imaamu Ahmad gbà wá nínú ìwé hádíìsì tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ibn Mas'ud kan náà, wọ́n fi kún un pé “àyàfi nítorí àìsàn”. Imaamu Nawawi, tó ṣàlàyé ìwé Muslim, náà sì sọ pé bó bá jẹ́ fún ìtọ́jú, tàbí nítorí àbùkù tó wà lára eyín, kò sí láìfí níbẹ̀. Ẹ rántí Arfaja ọmọ As'ad, sàábé kan tí imú rẹ̀ gé lójú ogun tí wọ́n ń pè ní Kulab. Ó fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn, Ànábì sì ní kó fi wúrà ṣe é, wúrà tó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin. Lábẹ́ hádíìsì yìí ni Tirmidhi, tí òun náà kó hádíìsì jọ, ti sọ pé àwọn onímímọ̀ kan fi wúrà de eyín wọn. Wáyà eyín kì í ṣe nǹkan àná.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Eyín àgbàlagbà ṣì ń sún. Wáyà á máa tì í díẹ̀díẹ̀, egungun á máa yọ́ níbi tó ń tẹ̀ sí, òmíràn á sì máa hù níbi tó ti kúrò. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé kánjú. Ohun tó yàtọ̀ sí ti ọmọdé ni pé egungun àgbọ̀n yín ti dàgbà tán, wáyà nìkan ò lè tún un ṣe bó bá jẹ́ òun gan-an ló wọ́. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde yẹn sàn. Bí eyín bá tò tán, orín á dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀, Ànábì sì ní bí kì í bá ṣe ìnira fún ìjọ òun ni, òun ìbá pàṣẹ orín nígbà gbogbo ìrun.

Fún olùkọ́ kéú, ọ̀nà mìíràn tún wà níbẹ̀: eyín wà lára ohun tá a fi ń pe lẹ́tà Lárúbáwá. Thaa, dhaal àti zhaa, ṣónṣó ahọ́n ló ń kan etí eyín òkè; faa, etí eyín òkè náà ló ń kan ètè ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ sì ń sín olùkọ́ wọn jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ahọ́n lè máa kọ́ wáyà. Ìyẹn á kọjá lọ.

Ní ti àlùwàlá, ẹ fi omi ṣan ẹnu bí ẹ ti ń ṣe, ó tó. Sunnah ni ṣíṣan ẹnu nínú mádíhábù (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Maliki tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, nínú àlùwàlá àti ìwẹ̀ jànábà. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín kò bà á jẹ́. Èyí tó ṣeé yọ, tí wọ́n máa fún yín lẹ́yìn wáyà kí eyín má baà padà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ṣan ẹnu.

Fífún wáyà le kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ẹ má gbé e mì, kí ẹ sì fọ ìdí wáyà dáadáa lẹ́yìn sààrì. Ṣùgbọ́n ó máa ń dunni fún bí ọjọ́ mélòó kan, tí èèyàn á fẹ́ lo oògùn. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sún ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn Ramadan.

Bí dókítà obìnrin bá wà, òun ni kí ẹ lọ bá. Bí kò bá sí, ọkùnrin lè ṣe é, kí ẹ̀yin àti òun nìkan má kàn dá wà nínú yàrá. Ẹ má tìtorí rẹ̀ yá owó èlé o. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó àti OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka eyín. Ẹ bèèrè níbẹ̀ bóyá ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀.

Bí dókítà bá sì bi yín bóyá kí òun la èéjí sí i nígbà tí òun bá ń tò ó, ẹ ní rárá. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.