Ìgò Àrómù àti Bisikíìtì Ìtúnu Ààwẹ̀: Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Àjàṣẹ́

Ìbéèrè

Àsàláámù aléékúmù, Ààfáà wa. Ẹ̀bá ọjà Wàńdó ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí èmi àti àwọn ọmọ mi obìnrin ti ń yan bisikíìtì ọlọ́sàn àti ti ọ̀pẹ̀yìnbó nílé nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí a ó dì í sínú àpò kéékèèké, tí a ó sì pín in fún àwọn aládùúgbò, àti Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Lọ́dún yìí, bí a ṣe ń kó èròjà jọ, ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó ti lọ kọ́ kéwú dé gbé ìgò àrómù wa, èròjà tí a fi ń fún bisikíìtì ní òórùn àti adùn, ó ní ọtí wà nínú rẹ̀, ó ní haráàmù ni gbogbo ohun tí a ti ń pín láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ní ìrun ogójì ọjọ́ ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ó tún ní àdádáálẹ̀, ìyẹn ohun tuntun tí a dá sínú ẹ̀sìn, ni yíyan bisikíìtì fún ọdún. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé iná ti pa ọtí tó wà níbẹ̀. Àkọ́bí mi ti ní òun kò yan mọ́. Kí ni kí a ṣe? Ṣé a sì lè fi bisikíìtì náà yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀?

Ìdáhùn

Wa aléékúmù sàláámù wa ráhúmótúláàhì. Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé yín nìkan. Òní tí mo ń kọ ìdáhùn yìí ni ààwẹ̀ pé mẹ́tàdínlógún, ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti dá mi dúró lẹ́yìn ìrun àṣámù láti béèrè nǹkan kan náà, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti Kétu wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ìgò àrómù yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Àwọn ohun yòókù kò le.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní kí ẹ fi ohun tí ẹ ń lò ránṣẹ́, ìgò méjì ni ẹ sì fi ránṣẹ́. Èkíní kò ju àtàǹpàkò lọ, àwòrán ọsàn wà lára rẹ̀, èdè Faransé tí wọ́n kọ sí i sì kéré débi pé abẹ́ iná ni mo gbé e lọ kí n tó lè kà á: omi, propylène glycol, àrómù, aró tí ń fún un ní àwọ̀. Kò sí ọtí níbẹ̀. Ọmọ wa rí glycol, ó pè é ní alcool, ìyẹn ọtí, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kánjú. Propylène glycol, tí wọ́n tún máa ń kọ ní E1520, jẹ́ omi kan tí wọ́n fi ń gbé òórùn àti adùn dúró nínú oúnjẹ; kì í ṣe ọtí tí àwọn ọ̀mùtí ń mu. Ìgò kejì ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ extrait, ìyẹn èròjà òórùn tí wọ́n fà yọ, sí i, wọ́n kọ alcool sí i gbangba, bí mo sì ṣe tú ìdérí rẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti dé imú mi kí n tó gbé e sókè. Inú agolo kan náà ni ẹ ń tọ́jú ìgò méjèèjì sí, ọmọ náà sì gbé ẹ̀bi èkejì ru èkíní.

Ọ̀nà Imáàmù Máálíkì ni a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà wa ní ilẹ̀ yìí, Rísálà tí Ibn Abi Zayd kọ sì wà lára ohun tí púpọ̀ nínú wa kà lórí ẹní ní ilé-kéwú. Ohun tó sọ kò fara sin: ohun mímu yòówù tó bá ń bo làákàyè tó sì ń pa ènìyàn, ọtí ni, ì báà ṣe èso àjàrà ni wọ́n fi ṣe é tàbí ohun mìíràn, èyí tí púpọ̀ rẹ̀ bá sì ń pa ènìyàn, díẹ̀ rẹ̀ náà haráàmù ni. Gbólóhùn kejì yìí, ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, Jábírì, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dáúdà àti ti Tírímísì. Ẹ wá wo ìwọ̀n ohun tí a ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé ohun tí wọ́n bá ń tà ní orúkọ ojúlówó extrait fànílà kò gbọdọ̀ ní ọtí tó dín ní 35 nínú 100, bẹ́ẹ̀ bíà tí a ń rí lójú pópó kì í sábà ju nǹkan bí 5 lọ. Ẹni tó bá mu irú ìgò bẹ́ẹ̀ mélòó kan yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni. Kíkéré tí ṣíbí kékeré kan kéré kò yọ ọ́ kúrò nínú ìdájọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kan tí àwọn tó ń sọ pé “ẹ̀kán méjì péré ni” máa ń gbàgbé. Ọlọ́hun pe ọtí ní ẹ̀gbin nínú Súúrátù Máídà, áyà 90, àwọn onímọ̀ Máálíkì sì mú un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbin tí à ń fọ̀ kúrò lára aṣọ àti àwo. Omi púpọ̀ tí ẹ̀gbin díẹ̀ bá kán sí, bí àwọ̀, adùn àti òórùn rẹ̀ kò bá yí padà, omi mímọ́ ló ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń ṣàn kò ní àǹfààní yẹn lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé bó ti wù kó pọ̀ tó, ẹ̀gbin díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Bọ́tà yíyọ́, ẹyin àti ṣúgà tí ẹ kọ́kọ́ ń lù pọ̀ nínú abọ́ kí ìyẹ̀fun tó wọ inú rẹ̀, irú oúnjẹ yẹn gan-an ni, ibẹ̀ ni ẹ sì ń ta àrómù sí.

Àbúrò yín ní iná ti pa ọtí. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wọ̀n ọ́n ní iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko àti oúnjẹ kò bá a bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá po ọtí mọ́ oúnjẹ, tí a yan án tàbí tí a sè é fún ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí 40 nínú 100 ọtí náà ṣì wà níbẹ̀, àti pé lẹ́yìn wákàtí kan gbáko, nǹkan bí 25 ṣì kù. Bisikíìtì pẹlẹbẹ lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n tiyín kì í lò ju ìṣẹ́jú 12 lọ nínú ààrò gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ fún mi. Kódà bí gbogbo ọtí náà bá fò lọ, ohun tó ti di ẹ̀gbin kí ó tó wọ ààrò kì í tipa gbígbóná di mímọ́. Ọtí tó bá kan títí tó fi di fínígà fúnra rẹ̀, ìyẹn di ẹ̀tọ́, nítorí pé ó ti kúrò ní ọtí, ó ti di nǹkan mìíràn. Èyí tí ẹ tà sínú bọ́tà kò di nǹkan mìíràn; ó kàn fara pamọ́ ni.

Òdodo ni pé àwọn onímọ̀ kan lóde òní gbà pé bí ọtí bá ti pòórá sínú oúnjẹ, tí a kò rí àwọ̀, adùn tàbí ìpa rẹ̀ mọ́, oúnjẹ náà di jíjẹ, n kò sì ní pe ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Èmi náà máa ń fara ti ọ̀rọ̀ wọn nígbà tí ẹnìkan bá bi mí léèrè nípa bisikíìtì tí wọ́n ti ṣe láti ìlú òkèèrè, tí a rà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sí ẹni tó lè tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nínú ilé ìdáná tirẹ̀, tí ìgò tó ní ọtí àti èyí tí kò ní jọ wà níwájú rẹ̀, tó sì mọ èwo ni èwo, ìnira wo ló ń sá fún? Nínú hádíìsì Nuhúmánù ọmọ Báṣírì, tí Buhárí àti Múslímù gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé ẹ̀tọ́ hàn, haráàmù náà hàn, àwọn ohun tó rújú sì wà láàárín wọn, ẹni tó bá yẹra fún ohun tó rújú ti gba ẹ̀sìn àti iyì ara rẹ̀ là.

Ohun tó ń bí mi nínú ju ìgò yín lọ ni ti àwọn obìnrin wa tó lọ ń kọ́ iṣẹ́ gàtó, ìyẹn kéèkì, tí wọ́n kọ́ wọn láti máa rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú rhum, ọtí líle kan, tí ẹni tí kò bá sì rí rhum rà ń fi sódàbì rọ́pò. Sódàbì! Ohun tí wọ́n fi ẹmu pọn, tí kò sí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan tí kò mọ ohun tó ń ṣe fún orí. Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé èso ni òun rẹ sí i, òun kò mu ún. Ṣé imú ni èso náà máa gbà wọlé ni? Lórí èyí, kò sí onímọ̀ kankan tí wọ́n lè fara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti ìrun ogójì ọjọ́, hádíìsì wà lórí rẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó bá mu ọtí, Ọlọ́hun kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òwúrọ̀, bí ó bá sì ronú pìwà dà, Ọlọ́hun yóò gba ìrònúpìwàdà rẹ̀. Ọ̀mùtí ni hádíìsì náà ń bá wí. Kò bá ọmọ aládùúgbò tó jẹ bisikíìtì láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ wí, kò sì bá yín wí, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ìgò ju òórùn ọsàn lọ. Àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé láádá ìrun ni ọ̀mùtí pàdánù. Wọn kò ní kí ó dá ìrun náà san. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrátù Áhúsáàbù, áyà 5, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa nínú ohun tí a bá ṣàṣìṣe rẹ̀, àyàfi èyí tí ọkàn wa bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Nítorí náà ẹ má dá ìrun kankan san, ẹ má sì lọ máa kan ilẹ̀kùn kiri láti dẹ́rù ba àwọn tó ti jẹ ẹ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Áyà tí ó yẹ kí ọmọ wa kọ́kọ́ kà kí ó tó la ẹnu nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ wà nínú Súúrátù Náhálì, áyà 116, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa kí ahọ́n wa máa pa irọ́ pé èyí ẹ̀tọ́ ni, èyí haráàmù ni.

Ẹ kò tilẹ̀ nílò ìgò kankan, Ìyá wa. Ẹ fọ ọsàn, ì báà jẹ́ ọsàn tiwa tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ rin òkè èèpo náà, kí ẹ má rin ín dé ibi funfun torí pé ibẹ̀ korò, kí ẹ wá fi ọwọ́ fi ṣúgà pa á títí ṣúgà náà yóò fi rin bí iyanrìn etí odò. Gbogbo òórùn tí ẹ ń wá kiri ti wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó ní tirẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè Àlàdá, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ gbé e kaná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò sì ki. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn láti rẹ èso sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ ṣọ́ra. Ibn Abbas sọ, ó sì wà nínú ìwé Múslímù, pé wọ́n máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, yóò mu nínú omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kejì, àti títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn èyí kò ní jẹ́ kí ó dúró mọ́. Ooru Àjàṣẹ́ kò ní dúró de ọjọ́ kẹta. Bí omi ọ̀pẹ̀yìnbó bá ti ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ẹ dà á nù. Rísálà tún kọ̀ fún wa kí a po irú èso méjì pọ̀ sínú omi tí a ń rẹ tàbí tí a fẹ́ mu, ẹnìkan sì ti tìtorí ìyẹn sọ fún ará Kétu tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan pé kò gbọdọ̀ po ọsàn mọ́ ọ̀pẹ̀yìnbó nínú bisikíìtì. Ohun mímu ni ìdájọ́ yẹn wà fún. Bisikíìtì kì í ṣe ohun mímu.

Àdádáálẹ̀ tí ọmọ wa ń pariwo rẹ̀ kò sí nínú yíyan oúnjẹ. Àwọn ará Íjíbítì ti ń yan bisikíìtì tiwọn, tí wọ́n ń pè ní kahk, fún ọdún yìí kan náà tipẹ́tipẹ́, nítorí pé àṣà oúnjẹ ni, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ìjọ́sìn. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ ka Yáàsín lẹ́ẹ̀méje sí ìyẹ̀fun kí láádá rẹ̀ lè pọ̀ sí i, èyí ni kí ọmọ wa dìde sí. Ohun tí mo fi ń bá yín wí ni àkókò tí ẹ ń yan án. Aíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́, sọ pé bí mẹ́wàá ìkẹyìn ààwẹ̀ bá wọlé, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun a di àmùrè rẹ̀ le, a ṣàìsùn lóru, a sì jí àwọn ará ilé rẹ̀; ẹ̀yin sì ń fi òru wọ̀nyẹn ṣọ́ ààrò. Ẹ yan án lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ dín iye rẹ̀ kù. Ẹni tó bá sì ń gbààwẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ìyẹ̀fun pípò di ohun tí yóò máa tọ́ wò. Kò wuyì rárá, bí díẹ̀ bá sì lọ sí ọ̀fun rẹ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ náà ti bọ́.

Sàká ìtúnu ààwẹ̀ kò ṣeé fi bisikíìtì yọ. Sáà kan, ìyẹn múdù Ànábì mẹ́rin, nínú oúnjẹ tí ará ìlú fi ń gbé ẹ̀mí ró ni, àgbàdo tàbí ìrẹsì lọ́dọ̀ tiwa, lórí orí kọ̀ọ̀kan, kí a tó kírun ọdún. Bisikíìtì yín, sàráà àti ìwà rere sí aládùúgbò ni, ẹ má sì yọ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí kúrò nínú rẹ̀.

Extrait tó kù nínú ìgò kejì, ẹ dà á sílẹ̀, kí ẹ sì fi omi fọ abọ́ àti ṣíbí tó kàn án títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ sọ fún àkọ́bí yín pé mo ní kí ó padà sí ìdí ààrò. Ọmọ àbúrò ọkọ yín ní tirẹ̀, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ó mú ìgò kékeré yẹn dání, kí ó wá ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sí mi létí. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.