Àjọ ni mo fi ń jẹ adìẹ díndín ọjọ́ Ẹtì

Àbúrò mi agùnbánirọ̀, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kálórì 1,600, ìyẹn ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ, lo fi dá ara rẹ dúró lójúmọ́ kí o lè fọn, pé láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀ kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ti forí lé ilé adìẹ díndín ní Fájùyí, l'Adó-Èkìtì níbí, gbogbo ẹ̀ a dojú rú. O wá ń béèrè bóyá kí o máa dá jókòó sílé. Mo rí i pé àwọn kan ti sọ fún ọ pé kí o má fẹnu kan fast food mọ́ láé. Èmi ti dán ìyẹn wò fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ojú mi rí màbo.

Aránṣọ ni mí, Ajílósùn níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Orí àga ni mo ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àtẹ́lẹsẹ̀ mi nìkan ló ń rìn. Lọ́dún tí mo pé 41, mo fi téèpù wọn ara mi níbi ìdodo, mo bá ínṣì 43. Mo ní téèpù ló ti fà. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, torí àwa aránṣọ mọ̀ pé téèpù tó bá fà, ńṣe ló ń dín iye kù, kì í bù sí i. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mò ń jẹ: kálórì 1,700 lójúmọ́. Mo sì búra pé nǹkan ìta kankan ò ní kan ẹnu mi.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mò ń fò bí ẹyẹ. Ní oṣù kẹrin, oníbàárà kan wá gba aṣọ ọjọ́ìbí ọmọ rẹ̀, ó fi mítípáì kan sílẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá. Ó ṣì gbóná. Mò ń gé aṣọ, ojú mi wà lára sísọ́ọ̀sì, imú mi wà lára ọ̀rá yẹn. Nígbà tó yá, mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, mo dúró síbẹ̀ jẹ ẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi má baà rí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gé e jẹ, ó ti tán. Mo nu ẹnu, mo jáde, mo ní kí ọmọ náà sáré lọ ra mẹ́rin sí i wá, pé àlejò ń bọ̀. Àlejò wo? Èmi náà ni àlejò.

Tó o bá wò ó dáadáa, mítípáì àkọ́kọ́ yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Mẹ́rin tó tẹ̀lé e ló bà á jẹ́, àti ohun tí mo wí nínú ọkàn mi lẹ́yìn ẹ̀: omi kúkú ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ìkẹ́rẹ́, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, bákan náà.

Ìgbà tó yá mo wá gbọ́n àgbọ́njù. Mo ní tó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ jẹun ìta, kí n má kúkú jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, kí gbogbo 1,700 náà lè dúró dè mí dìrọ̀lẹ́. Lórí ìwé, ìṣirò ẹ̀ pé. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ṣe é, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mò ń gbá etí ìró kan, ojú mi ṣú fẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ máṣíìnì sì gba orí èékánná ìka ìlábẹ̀ mi wọlé, ó yọ nísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló fọwọ́ yí wíìlì máṣíìnì padà díẹ̀díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó jáde. Àpá ẹ̀ wà lára èékánná náà dòní, ó hù pín sí méjì. Nọ́ọ̀sì tó wẹ ojú ọgbẹ́ náà bi mí pé kí ni mo jẹ lónìí. Mo ní omi. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ máa jẹun kí ẹ tó lọ jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Ó sì tọ̀nà, torí àwọn ọjọ́ Ẹtì tí mo gbààwẹ̀ lọ, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ni mo ṣe ń dé ibẹ̀. Ìrẹsì, adìẹ, mítípáì, aisikirimu, ohun tí ojú bá ṣáà ti rí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Àjọ ni mò ń dá. O mọ alájọ tó máa ń yí ọjà Ọba ká pẹ̀lú káàdì, tó ń gba díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lójoojúmọ́? Bẹ́ẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, mò ń yọ 120 sílẹ̀ lójúmọ́ nínú 1,700 mi. Ọjọ́ mẹ́rin, 480. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, mo ní 2,180 lọ́wọ́. Àárọ̀ àti ọ̀sán, mo jẹ nǹkan bí 900, kò gbọdọ̀ dín: mọ́ínmọ́ín àti ẹyin láàárọ̀, ẹ̀wà tàbí ẹ̀bà kékeré pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja lọ́sàn-án. Ó ku bí 1,280 fún ìrọ̀lẹ́. Kò sí ilé adìẹ díndín tí 1,280 ò lè fi ẹ̀rín músẹ́ wọ̀. Alájọ ọjà ń mú owó ọjọ́ kan tiẹ̀ kúrò. Ara rẹ ò ní gba kọ́bọ̀.

Tìrẹ 1,600, tó o bá ń yọ 100 lójúmọ́, ó di 400. Ọjọ́ Ẹtì rẹ di 2,000. Má sì bẹ̀rù pé 100 yẹn á dùn ọ́. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa tó nǹkan bí 120 kálórì. Ṣíbí kan péré. Èmi dín òróró ọbẹ̀ ata mi kù, mi ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu rárá, àjọ ọjọ́ yẹn ti wọlé.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ sí: dá a kí o tó kó o. Àjọ alákàáàdì ni èyí, kì í ṣe èésú tí ẹnì kan lè kọ́kọ́ kó kó wá máa san án lẹ́yìn. Mo ti gbìyànjú kí n jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kí n sì fi ebi san án lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ebi ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Èkìtì! Níbi tí ìnáwó mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà? O ò lè rí i san.

Ó yá, ká dé orí káńtà.

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná, mo sì ń ra oúnjẹ wọn wálé wá wọ̀n. Mi ò lè gbé òṣùwọ̀n náà lọ sí ilé adìẹ díndín, ìtìjú ń bẹ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù inú páàkì kan jẹ́ gíráàmù 370. Pẹ̀lú òróró tó wà nínú ẹ̀, mo kà á sí nǹkan bí 600. Mítípáì wọn jẹ́ gíráàmù 150, mo kọ 450 sí i. Ẹran inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Bọ́tà inú ìyẹ̀fun ẹ̀ lẹjọ́, torí gíráàmù kan ọ̀rá ń mú kálórì 9 wá, nígbà tí ti sítáàṣì inú ìyẹ̀fun àti ti purotéènì inú ẹran jẹ́ 4. Ìdí nìyẹn tí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń wúwo lórí ìwé. Itan adìẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò dín, mo kọ 300. Tí mo bá bọ́ awọ àti ìyẹ̀fun náà kúrò, mo kọ 200. Mi ò kì í bọ́ ti méjèèjì. Mo ń jẹ ọ̀kan pẹ̀lú awọ ẹ̀ tó ń dún kùrẹ́kùrẹ́ lẹ́nu, torí nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá, mo bọ́ ti ìkejì. Mo tún máa ń bu díẹ̀ lé gbogbo iye tí mo bá kọ, torí alásè ibẹ̀ kì í fi ṣíbí wọn òróró.

Àwọn olè tó wà níbẹ̀ méjì ni. Ọ̀kan ni nǹkan mímu. Ìgò 50cl ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà dáadáa sún mọ́ 200, wọ́n kọ ọ́ sí ara ìgò, kà á. Ó dọ́gba pẹ̀lú itan adìẹ tí mo bọ́ awọ rẹ̀, kò sì ní yó ọ rárá. Mo ń mu omi tútù, tàbí èyí tí kò ní ṣúgà. Olè kejì ni máyónéèsì: ṣíbí ìjẹun kan tó 100. Ṣáwámà tí gbogbo ayé ń sọ pé ẹ̀fọ́ àti adìẹ ló wà nínú ẹ̀, ìwọ dúró wo ọmọkùnrin tó ń ká a, wo bó ṣe ń fún ìgò funfun yẹn bí ẹni ń fún omi sí ododo. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà kan péré." Inú ẹ̀ kì í dùn. Sàláàdì tó ń we nínú kírímù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Nítorí náà, tí mo bá dé ibẹ̀: adìẹ méjì, ìrẹsì ààbọ̀ páàkì, omi. Ó jẹ́ bí 800. Tó bá jẹ́ mítípáì ló ń pè mí, mo fi ìrẹsì sílẹ̀. Ìyókù àjọ mi, mo lè fi ra aisikirimu kékeré, mo sì lè fi í sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, má gun òṣùwọ̀n. Mo mọ̀ pé o máa gùn ún. Ó máa sọ fún ọ pé o fi kílò kan àbọ̀ sanra, inú ẹ á sì bàjẹ́. Ṣírò ó: kílò kan ọ̀rá ara fẹ́ tó kálórì 7,700. Kílò kan àbọ̀ jẹ́ 11,550. Mítípáì 25 nìyẹn, lórí ohun tí ara rẹ nílò. Ṣé o jẹ mítípáì 25? Iyọ̀ oúnjẹ wọn ló di omi mú sí ọ lára, àti ìrẹsì, torí sítáàṣì inú ìrẹsì tí ara kó pa mọ́ máa ń fa omi mọ́ra. Ní Ọjọ́rú ó ti lọ. Ẹkún tí mo sun lórí omi lásán, mi ò lè kà á.

Èyí tí mo wá fẹ́ sọ yìí, kí àwọn ará ilé mi má bínú sí mi. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń gbé ẹ̀bi fún ilé adìẹ díndín, uyán, ìyẹn iyán, wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Nígbà tí òṣùwọ̀n dé, mo wọn uyán ìdì kan tí wọ́n gbé fún mi láti ibi ìnáwó. Gíráàmù 500. Iṣu nìkan ti lé ní 500 kálórì níbẹ̀. Da egúsí lé e, egúsí tí nǹkan bí ààbọ̀ òun fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, tí wọ́n tún fi epo pupa se, kí o tó wá ka ẹran méjì àti pọ̀ǹmọ́: ó ti kọjá 900 wọ́ọ́rọ́wọ́. Adìẹ àti ìrẹsì ọjọ́ Ẹtì mi kò tó o. Mi ò ní kí o má jẹ uyán, ta ni mo jẹ́? Ohun tí mò ń wí ni pé kọ ọ́ sílẹ̀. Àwo òkú Ìkẹ́rẹ́ yẹn àti ti ọjọ́ Àìkú tí mi ò kọ, àwọn ló jẹ oṣù mẹ́rin mi, mo wá ń dá ẹjọ́ fún mítípáì.

Rírìn kì í san gbèsè yìí pẹ̀lú. Mo rin wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ kan láti fi ìyà jẹ ara mi, òógùn bò mí, mo wá ṣírò ó: ó lè má tó mítípáì kan. Rìn nítorí orúnkún àti oorun rẹ.

Tó bá jẹ́ pé o ní àtọ̀gbẹ, tàbí o lóyún, tàbí o jẹ́ ẹni tó máa ń jẹun tán tó ń fìka fa èébì, má gbọ́ tèmi rárá, dókítà ni kí o lọ rí.

Àtọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń dá àjọ yìí. Téèpù ka 37 lọ́sẹ̀ tó kọjá, téèpù tuntun sì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń lọ, nígbà mìíràn mẹ́ta, torí owó náà ń dunni. Tí wọ́n bá fi ṣíìpìsì kún oúnjẹ mi lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi ni mò ń gbé e fún. Ọmọ ọdún 19 ni, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó máa ń jẹ ẹ́ tán kí n tó jókòó, á sì bi mí pé ọjọ́ Ẹtì wo la tún ń lọ.